Ìró inú géèmù tí a kò lè gbàgbé: ẹ wá sọ tiyín

Láti Takié, ní Ògbómọ̀ṣọ́

Minecraft, géèmù tí a ti ń kọ́ ilé, tí a sì ń sá fún ọ̀tá, ni èmi máa ń gbá. Daniel Rosenfeld, ọmọ Jámánì tí ó ń jẹ́ C418 nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ni ó ṣe àwọn orin rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì kó wọn jáde nínú àwo ní 2011. Píánò jẹ́jẹ́ ló pọ̀ nínú wọn. Orin kan a dún fún ìgbà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a sì dákẹ́ pẹ́ títí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni etí ti ń ríṣẹ́ ṣe. Ìró ẹsẹ̀ lórí koríko yàtọ̀ sí ti orí iyanrìn, ti orí òkúta náà sì tún yàtọ̀. Zombie, òkú tó ń rìn, a máa kérora kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n Creeper, ọ̀tá mìíràn nínú géèmù náà, kì í ké. Ìgbà tí ó bá dé ẹ̀yìn ẹni tán ni ó ń ṣe “ṣììì”, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bú gbàmù. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí alájọgbé wa tan jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé mi, n kò gbọ́ “ṣììì” kankan títí ilé tí mo ti ń kọ́ láti àárọ̀ fi di kòtò. Mo ra íápíìsì, apá òsì rẹ̀ kò sì pẹ́ kú. Ní báyìí, ó dà bí ẹni pé apá ọ̀tún ni gbogbo ọ̀tá ń gbé. Èyí tó bá gba òsì wá, ara ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Láti Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi ni Hellblade: Senua's Sacrifice, tí ilé-iṣẹ́ Ninja Theory ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2017. Àìsàn ọpọlọ ń ṣe Senua, obìnrin tí à ń darí nínú géèmù náà, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn tí kò sí níbẹ̀: ọ̀kan ń kìlọ̀, ọ̀kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Orí ère tí wọ́n ki máíkì sí etí rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fi gba ohùn wọ̀nyí sílẹ̀, tí àwọn òṣèré ń yí i ká bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn tó bá ti apá òsì wá a kọ́kọ́ dé etí òsì kí ó tó dé tọ̀tún, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ohùn ti wá. Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé bí ẹnìkan bá pe orúkọ mi lóru, n kò gbọdọ̀ yára dáhùn. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, mo pa ẹnu mọ́. Ìyá mi ni. Wọ́n ti ń pè mí tipẹ́ pé kí n wá ti géètì.

Láti Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Nínú Space Invaders, tí wọ́n ṣe ní Japan ní 1978, ohùn mẹ́rin péré ló ń tẹ̀lé ara wọn. Bí àwọn ọ̀tá tí à ń yìnbọn lù bá ṣe ń dín kù ni ìró náà ń yára sí i, bí onílù dùndún ṣe ń sáré ìlù kí ẹsẹ̀ oníjó má baà sinmi. Ọwọ́ mi a máa làágùn nídìí rẹ̀. Ní ti jẹnẹrétọ̀, kí ará Takié wọ ibi ètò ohùn nínú Minecraft: ibi tí a ti ń yí orin sílẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀dá burúkú. Kí ó fa orin wálẹ̀, kí ó gbé àwọn ẹ̀dá burúkú dé òkè pátápátá, kí ó sì wá íápíìsì tí etí rẹ̀ pé méjì.