Sísọ yàrá abẹ́ ilé di ibi iṣẹ́ káfíńtà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ọmọ Aláayè béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ọwọ́, mo kí yín o. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé bàbá mi wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ìlú wa, nítorí náà yàrá ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ilẹ̀ òkè, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sí àfonífojì. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà 18 ní gígùn àti 14 ní fífẹ̀. Bàbá mi ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi kí n máa kan àga, tábìlì àti ìlẹ̀kùn níbẹ̀. Mo fẹ́ gbé ẹ̀rọ ayùn 2 HP síbẹ̀, mo sì fẹ́ ibi tí n ó máa to pákó sí, ibi tí n ó máa kó ọ̀dà àti tínà sí, àti iná tó ṣeé gbára lé.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, ògiri ẹ̀yìn a máa rin, ohun funfun bí iyọ̀ a sì máa yọ lára rẹ̀. Bíríkìlà kan ní kí n kàn fi sìmẹ́ńtì tó ní oògùn adènà omi tún un rẹ́ láti inú. Owó ọwọ́ mi kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Bíríkìlà Ìkéré dáhùn:

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má tíì ra ohunkóhun fún inú yàrá náà títí omi yóò fi kúrò lẹ́yìn ògiri. Ohun funfun yẹn, iyọ̀ inú ilẹ̀ àti inú búlọ́ọ̀kù ni. Omi ló ń gbé e la ògiri kọjá, nígbà tí omi náà bá sì gbẹ, iyọ̀ a ṣẹ́kù sójú ògiri. Èyí fi hàn pé ẹ̀yìn ni omi ti ń wá. Bí o bá rẹ́ ògiri láti inú, omi tó ń ti búlọ́ọ̀kù láti ẹ̀yìn yóò máa ti sìmẹ́ńtì tuntun náà pẹ̀lú, yóò sì bó o kúrò díẹ̀díẹ̀. Níbi tí àpáta kò bá ti jìnnà sí òkè ilẹ̀, òjò tó bá wọlẹ̀ kì í rí ibi lọ mọ́; orí àpáta náà ni yóò gbà ṣàn wálẹ̀, ògiri rẹ ni yóò sì kọ́kọ́ pàdé.

Ẹ̀yìn ilé ni iṣẹ́ wà. Kí a gbẹ́ kòtò lẹ́bàá ògiri náà dé ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má gbẹ́ gbogbo gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ilẹ̀ òkè lè ya lu àwọn òṣìṣẹ́. Kí a fi ọ̀dà dúdú adènà omi kun ara ògiri níta, kí a tẹ́ páìpù oníhò 4 ínṣì sí ìsàlẹ̀ kòtò, kí ó máa dà sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tó rẹlẹ̀, kí a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó kí a tó da yẹ̀pẹ̀ lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o ṣe é. Bí o bá rí i pé ògiri náà wú wá sínú yàrá, tàbí pé ó là ní ìbú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnjiníà tó wò ó.

Oníná Adó dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà. Ní ti iná, ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ di mú ni pé jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn láé, kò sì gbọdọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ìbáà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Gáàsì carbon monoxide, májèlé tó wà nínú èéfín rẹ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, inú yàrá tí ilẹ̀ ká mọ́ lẹ́yìn ló sì ti máa ń tètè pọ̀. Òkè níta ni kí o kọ́ àtíbàbà kékeré fún un, kí o sì fa wáyà wálẹ̀.

1 HP jẹ́ wáàtì 746, nítorí náà 2 HP jẹ́ nǹkan bíi 1,500; ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀rọ máa ń fi iná díẹ̀ ṣòfò, ayùn rẹ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wáàtì 2,000 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá ń gbéra, iná tó ń fà a máa di ìlọ́po bíi mélòó kan ti ìgbà iṣẹ́. Ìdí nìyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi máa ń kùn tí ẹ̀rọ kì í sì í yí. Wá èyí tó tó 5 kVA ó kéré tán. Fún ayùn náà ní wáyà 4 mm² àti bíréékà tirẹ̀, kí gílóòbù sì wà lórí bíréékà mìíràn, kí òkùnkùn má baà bò ọ́ nígbà tí ayùn ṣì ń yí lọ́wọ́. Má fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan sára ògiri ẹ̀yìn.

Ìyá Onípákó, Ìlawẹ̀ dáhùn:

Ọmọ mi, kú ìmúra iṣẹ́. Bí yàrá bá tilẹ̀ gbẹ, pákó ṣì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Má to pákó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, má sì jẹ́ kí ó fara kan ògiri. Tò ó ní ìdùbúlẹ̀ lórí ìtìlẹ́yìn irin, kí o fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ìpele kọ̀ọ̀kan, kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wà lórí ara wọn gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pákó yóò wọ́. Arère ni kí o ṣọ́ jù, nítorí pé ikán àti èbu tètè máa ń bá a jà. Tíìkì ní ìfaradà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn nígbà òjò, má lẹ pátákó àárín rẹ̀ mọ́ férémù, nítorí pé yóò sún kì nígbà ọyẹ́, yóò sì là.

Tínà àti bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ gbé inú yàrá náà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, ìtapàrà iná kan láti ara ẹ̀rọ sì ti tó. Kọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kékeré oníhò síta fún wọn, kí o sì máa gbá ìyẹ̀fun igi lójoojúmọ́.

Ọmọ Aláayè tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo ti lọ wo ẹ̀yìn ilé: ògiri kò là, kò sì wú, ṣùgbọ́n òrùlé apá ibẹ̀ kò ní gọ́tà, ìdí ògiri gan-an sì ni gbogbo omi rẹ̀ ń dà sí.

Bíríkìlà Ìkéré dáhùn:

Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Bí òjò mílímítà 30 bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà 100 níbùú-lóròó (100 m²), omi rẹ̀ jẹ́ lítà 3,000, ìdí ògiri rẹ sì ni o ń kó o sí. Fi gọ́tà sí i, kí páìpù rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sínú táńkì, ìwọ náà yóò sì rí omi lò níbi iṣẹ́. Máa wo ògiri náà jálẹ̀ ìgbà òjò. Bí ó bá ṣì ń rin, a ó gbẹ́ kòtò náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.