Mo wọ̀n kílò 121, mo fẹ́ máa gun báísíkù ní Súrùlérè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ báísíkù ni mo gbé wá, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọmọ ọdún 44 ni mí. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, dókítà sì ní kí n má sáré, kí n máa rìn tàbí kí n máa gun báísíkù. Ọkọ mi bá mi ra tòkunbọ̀ kan tí táyà rẹ̀ nípọn dáadáa.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń jáde kí dánfó tó gba títì, láti Akérélé dé Bode Thomas, kí n tó padà. Ìdí ń ro mí débi pé ìjókòó ṣọ́ọ̀bù ń ni mí lára. Àtẹ́lẹwọ́ mi máa ń kú. Orúnkún tí mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an, iwájú ẹ̀ ló tún wá ń ta mí. Táyà ẹ̀yìn ti jò lẹ́ẹ̀mejì. Fọkanáísà àdúgbò wa ní, "Màmá, ara yín ló ń bẹ́ táyà yìí, kò lè gbé yín." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n tà á ni?

Bọ̀dá Ṣómólú
Ẹ má tà á o! Kílò 132 ni mo wọ̀n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gun tèmi, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní.

Ẹ bá mi wo tíúbù tó jò yẹn. Tó bá jẹ́ ihò tín-tìn-tín méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ojú ibi tí ejò ti bu èèyàn jẹ, afẹ́fẹ́ ló kéré nínú táyà yín. Bí ẹ ṣe ń kó sí kòtò, rímù á fún tíúbù mọ́ etí kòtò, á sì gé e lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣó kì í dá irú ihò bẹ́ẹ̀ sí i.

Wọ́n kọ iye afẹ́fẹ́ tí táyà ń gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PSI sí. Ti tèmi jẹ́ 40 sí 65. Mo máa ń fún ẹ̀yìn ní 60, iwájú ní 50, torí ẹ̀yìn ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ara wa. Ẹ má kọjá iye tí wọ́n kọ. Àtàǹpàkò ò lè sọ ọ́ fún yín, ẹ ra pọ́ńpù tó ní aago tó ń ka afẹ́fẹ́ lára, kí ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tíúbù tí kò jò pàápàá, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń dín kù.

Ti orúnkún, ìjókòó yín ló lọ sílẹ̀ jù. Gbogbo àwa tí a sanra la máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè tólẹ̀, torí à ń bẹ̀rù àtiṣubú. Ẹ fara ti ògiri, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìbú ìka kan lẹ́ẹ̀kan. Ìlà kan wà lára irin ìjókòó, kò gbọdọ̀ yọ síta. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kúrò lórí ìjókòó síwájú, kí ẹ tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Àǹtí Èbúté Mẹ́ta
Ẹ ra ìbòrí fóòmù tó rọ̀, kí ẹ fi bo ìjókòó. Ìdí ò ní dùn yín mọ́.

Nọ́ọ̀sì Yábàá
Àǹtí, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìyẹn. Ara máa ń rì sínú fóòmù tó rọ̀ jù, á wá máa fún ibi tí kò yẹ. Egungun ìdí méjèèjì ló yẹ kó gbé wa. Ìjókòó tó gbòòrò lẹ́yìn, tó le níwọ̀n, tí ẹ tò kó tẹ́ pẹrẹsẹ, òun ló dáa. Ẹ wá ṣòkòtò oníbáísíkù tó ní tìmùtìmù nísàlẹ̀, kí ẹ má sì wọ pátá sábẹ́ ẹ̀, torí ojú rírán pátá ló ń bó èèyàn. Èmi máa ń wọ búbá gígùn lé e. Ẹ fi òrí pa itan kí ẹ tó jáde. Ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ dìde díẹ̀ lórí pẹ́dà kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Atúnbáísíkùṣe, Mushin
Màmá, ẹ gbé ọwọ́ báísíkù yẹn sókè, ẹ má sì na ìgúnpá gbọnrangandan. Ìwúwo yín ti pọ̀ jù lórí ọwọ́ ni ó fi ń kú.

Ẹ tún ka sípóòkù ẹ̀yìn. 36 ló dára jù fún yín. Ẹ fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ta okùn gìtá. Tí gbogbo wọn bá ń dún tín-ín, tí ohùn ọ̀kan wá rẹlẹ̀, ó ti dẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e wá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó tó já, torí tí ọ̀kan bá já, ẹrù ẹ̀ á bọ́ sọ́rùn àwọn yòókù.

Jíà tó fúyẹ́ ni kí ẹ lò: kékeré níwájú, ńlá lẹ́yìn. Kí ẹsẹ̀ máa yí wéré, ẹ má fi ipá tì í. Ẹ sì ṣọ́ra fún irin ojú gọ́tà, àlàfo ẹ̀ máa ń gbé táyà hán.

Bọ̀dá Ṣómólú
Òótọ́ ni ti jíà yẹn. Ẹ má tíì gun Afárá Èkó o, Ìyá Ìbejì. Ojú pẹrẹsẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ihò méjì ni! Mo fọwọ́ kàn án, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹ ṣe wí. Ọmọ mi ya pọ́ńpù wá, aago ẹ̀ sì ka 22 nínú táyà tí wọ́n kọ 40 sí 65 sí lára. Mo gbé e dé 60. Ìjókòó lọ sókè ní ìka méjì. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lulẹ̀ níwájú ọlọ́mọge kan tó ń gbálẹ̀, àmọ́ lánàá Sunday mo yí pápá ìṣeré ká lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún ò ta mí rárá. Mo padà gbé tíúbù yẹn lọ han fọkanáísà. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní òun ò mọ̀.

Ìdí ṣì ń ro mí, ìjókòó gbígbòòrò ló kù. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí ṣòkòtò onítìmùtìmù yẹn ní ìwọ̀n mi, bóyá ní ọjà Tẹ́júoṣó, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́ kó tó di Sátidé.