Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà níbi òtútù, ta ló ti pẹja sámọ́ọ̀nù rí?

Ọmọ Adó: Èkìtì kete, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kánádà fi fọ́tò ẹja ránṣẹ́, ó ní òun fi ìwọ̀ fà á jáde lókun nínú oṣù kìíní. Mo ní irọ́ ni. Ẹ sọ tiyín.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò: Òótọ́ ni o. Apá Vancouver ni mo wà. Àwọn sámọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní chinook, èyí tí kò tíì gbó débi tó máa padà sódò lọ yé ẹyin, etíkun ni wọ́n ń gbé nígbà òtútù, wọ́n ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́ kiri. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wà, òjé ńlá ni wọ́n fi ń rán ìwọ̀ lọ bá wọn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Òjò ń rọ̀, ìka mi kú sínú ìbọ̀wọ́, ọ̀pá tẹ̀, mi ò lè ká ọkùn! Nígbà tó jáde, ó ń dán bí àwo tuntun. Ọ̀gá la ẹnu rẹ̀ hàn mí, erìgì rẹ̀ dúdú kirikiri, òun ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, kò gùn tó bí òfin ṣe wí, a dá a padà sómi.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Ẹ dá kí ni padà?

Dókítà Iyán: 😂😂😂 Ẹja tó ti rí ojú yín!

Tìṣà Ìfàkì: Mi ò gbà. Ẹ ti jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjerò: Tìṣà, wọn ò gba ẹ̀bẹ̀ níbí o. Láísẹ́ǹsì lọ́tọ̀, ẹ óò kọ chinook tẹ́ ẹ bá mú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kódà ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àbúrò Seattle: Ẹ̀gbọ́n ò purọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ẹja náà là ń wò, lẹbẹ́ kékeré kan wà nítòsí ìrù. Èyí tí wọ́n sìn, wọ́n ti gé tirẹ̀ kúrò láti kékeré. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ṣì wà níbẹ̀, ẹja àdáyébá nìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Ẹ gbé òfin yẹn wá sí dáàmù Ìkùn ká wò ó.

Ọmọ Ìkùn: Ìyá, ẹ fi dáàmù wa sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ẹ wá pa àrọ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ò ní bèèrè Kánádà mọ́.

Àbúrò Seattle: Ọyẹ́ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá já sómi níbí, kó tó pẹ́ ọwọ́ yín ò ní lè di nǹkan kan mú.

Dókítà Iyán: Ẹ kó gbogbo wọn lọ sí Ìkọ̀gòsì kí wọ́n yá omi gbígbóná. Ìbéèrè tèmi: ṣé sámọ́ọ̀nù yẹn bá iyán lọ?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Rárá. Fífọ́ ló máa fọ́ sínú ọbẹ̀. Ẹja sítọ́kì ni kẹ́ ẹ wá rà.

Tìṣà Ìfàkì: Ìyẹn náà ẹja òtútù ni. Nọ́wè ni wọ́n ti ń sá a síta, afẹ́fẹ́ tútù ló ń gbẹ ẹ́, wọn kì í fi iyọ̀ sí i.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkẹ́rẹ́: Tìṣà, èmi tí mò ń tà á ni ẹ ń kọ́? Ẹ bá mi bi wọ́n ní Nọ́wè ìdí tó fi wọ́n tó yìí.

Dókítà Iyán: Eélòó ni orí rẹ̀ báyìí, Ìyá?