"Àyíwọ̀" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìyípo ìgbín"

Ẹ̀gbọ́n wa ní Oǹdó, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe bí nǹkan kékeré ṣe ń yí ihò dúdú ńlá (ohun wíwúwo lójú sánmà tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀) po títí yóò fi kó sínú rẹ̀ ní "ìyípo ìgbín", nítorí bí karawun ìgbín ṣe rí. Orúkọ náà dùn létí, àmọ́ kò gbé ẹrù rẹ̀.

Àárín ni karawun ti ń bẹ̀rẹ̀, tó wá ń fẹ̀ síta. Èyí tí à ń wí yìí, òde ló ti ń bọ̀ wá sínú. Ti eré ńkọ́? Bí nǹkan yìí bá ṣe ń sún mọ́ ihò náà ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tí ihò ọ̀hún kì í bá ṣe èyí tó ń yí lórí ara rẹ̀, eré tí nǹkan náà ń sá níbi ìyípo tó kẹ́yìn kó tó já wọlé tó ìdajì eré ìmọ́lẹ̀. Ìgbín wo nìyẹn?

Ìgbì òòfà, ìyẹn ìgbì tí àwọn ohun wíwúwo tó ń yí ara wọn po máa ń rán jáde, ló ń kó agbára rẹ̀ lọ, tí ọ̀nà rẹ̀ fi ń súnkì. Ká ní ihò náà wúwo tó mílíọ̀nù oòrùn, kí nǹkan kékeré náà sì tó oòrùn mẹ́wàá, yóò yí i po ju ìgbà 10,000 lọ lọ́dún tó kẹ́yìn. Ó ń yí, ó ń wọ̀: àyíwọ̀.

Èyí tó le jù ni ipá tí nǹkan náà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tó padà wá ń tì í kúrò lójú ọ̀nà tí ihò náà nìkan ì bá mú un tọ̀. Àbúrò kan ní Akúrẹ́ níbí pè é ní "ìfàsẹ́yìn". Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Lóòótọ́, apá kan ipá yìí ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n apá kejì kò fa nǹkan kan sẹ́yìn. Bí ibi tó ti ń sún mọ́ ihò jù ṣe ń ṣípò ló ń yí padà. Ẹni tó bá fo ìyẹn, ìṣirò rẹ̀ yóò ti yingin kó tó ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyípo tán, bẹ́ẹ̀ irú ìgbì òòfà tó ń ti ibẹ̀ jáde yìí gan-an ni LISA fẹ́ gbọ́: ọkọ̀ gbalasa òfúrufú mẹ́ta tí àjọ tó ń rí sí gbalasa òfúrufú ní Yúróòpù (ESA) fẹ́ fi ránṣẹ́ ní nǹkan bí 2035, tí 2,500,000 kìlómítà yóò wà láàárín wọn.

"Ipá àfọwọ́fà" ni mo dábàá. Ẹ ó ní wàhálà la fi ń pe àfọwọ́fà. Ṣé kì í ṣe òun ló fà á fún ara rẹ̀ ni?

Ní ti "ihò dúdú", kì í ṣe ihò lóòótọ́, àmọ́ ó ti mọ́ wa lẹ́nu. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.