Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tó mú yín lọ́kàn jù: ẹ wá sọ ìrírí yín

KátíríìjìÀgbà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rọ géèmù tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wo lọ́rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn yín, kí ló sì pa ẹ̀yin àti òun pọ̀? Ì báà jẹ́ èyí tí ẹ tún ṣe, èyí tí ẹ ń kó jọ, tàbí èyí tí ẹ ń kọ kóòdù fún. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Commodore 64 ni tèmi, ẹ̀rọ ọdún 1982. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti kú. Lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n dúdú kirimú nígbà tí mo tan án. Kí n tó tú ẹ̀rọ náà, mo fi mítà wọn àpótí iná rẹ̀, torí àpótí iná yẹn gan-an ni ọ̀tá C64. Fóòtì 5 ló yẹ kó máa gbé jáde. Bó bá ti gbó, á máa gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì máa jó àwọn ṣíìpù ìrántí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi náà nìyẹn. Mo pààrọ̀ àpótí iná, mo wá fi ìka kan ṣíìpù wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi rí èyí tó gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo yọ ọ́, mo fi òmíràn rọ́pò. Bí mo ṣe tan án báyìí, ojú búlúù yẹn yọ: 38911 BASIC BYTES FREE. Mo pariwo débi pé gbogbo ará ilé sáré wọlé.

Ọmọ6502
Ẹni tó bá mọ 38911 lórí, ẹbí mi ni.

Kásẹ́ẹ̀tìLáyé
Ẹ̀yin oní-C64, ẹ jẹ́ kí àwa oní-kọ̀ǹpútà Spectrum náà mí. Ọdún 1982 kan náà ni tiwa jáde. Rọ́bà ni bọ́tìnnì rẹ̀, ṣíìpù Z80 ló wà nínú rẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ni géèmù ń gbé. Ẹ ó tẹ LOAD "", ẹ ó tan téèpù, ariwo yẹn á bẹ̀rẹ̀: fíííí, lẹ́yìn náà kràà-kràà, àwọn ìlà aláwọ̀ á wá máa sáré yí etí tẹlifíṣọ̀n ká. Etí nìkan ni mo fi ń mọ̀ bóyá géèmù máa wọlé. Bí ohùn náà bá ń jáde bí ohùn ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, orí téèpù ló ti yẹ̀. Ìdè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yẹn. Ẹ fi sukurudíráfà tín-ínrín yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ́tí, títí ohùn á fi mú ṣáṣá.

Ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo ń ṣe é. Ó ní, "Bàámi, kí lẹ̀ ń gbọ́?" Mo ní géèmù ni. Kò gbà mí gbọ́, àfi ìgbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ìlà-ìlà lójú tẹlifíṣọ̀n. Látìgbà náà, òun ló ń di sukurudíráfà mú.

ÌyáOníZelda
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi le díẹ̀, mo sì ń wá ìmọ̀ràn.

Mo ra kátíríìjì géèmù Zelda àkọ́kọ́, ti NES, ẹ̀rọ géèmù Nintendo. Ẹni tó tà á kò mọ ilé tó ti wá. Mo tì í bọnú ẹ̀rọ, mo tan án. Àyè mẹ́ta ni géèmù yẹn ní fún ìpamọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kún fún orúkọ. Mi ò ní kọ àwọn orúkọ náà síbí, àmọ́ ó hàn pé ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ti lọ jìnnà, ọkàn pupa rẹ̀ tò lọ rẹrẹ. Ẹnì kejì wà láàárín. Ẹnì kẹta ṣì wà lórí ọkàn mẹ́ta tí gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé géèmù yẹn máa ń ka iye ìgbà tí èèyàn kú, á sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ti ẹnì kẹta yìí ju ti àwọn méjì yòókù lọ fíìfíì. Àbíkẹ́yìn ni, mo mọ̀ dájú. Ó ń kú, ó ń padà, kò gbé páàdì sílẹ̀.

Bátìrì inú kátíríìjì ló gbé gbogbo èyí ró. Bó bá kú, tàbí tí mo bá yọ ọ́, ó parí nìyẹn. Mi ò sì lè gbá géèmù náà láìpa ọ̀kan nínú wọn rẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Oníyèméjì
Ẹ má bínú, mà, ọkàn mi ò tíì gbà á. Ọdún 1987 ni Zelda yẹn dé Amẹ́ríkà. Bátìrì wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ6502
CR2032 ni, fóòtì 3. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa, iná tí ìrántí yẹn ń mu kò tó nǹkan rárá. Èyí tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò ṣọ̀wọ́n, mo ní irú rẹ̀ nílé.

Bọ́tìnnìB
Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ gbá géèmù yín jàre. Owó yín lẹ fi rà á.

Kásẹ́ẹ̀tìLáyé
Pa kí ni rẹ́? Ọmọ tó kú tó báyẹn tí kò juwọ́ sílẹ̀?

OníMegaDrive
Bọ́tìnnìB, ọ̀rọ̀ yìí kò dáa o. Ẹ gbé kátíríìjì yẹn wá fún mi tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, mà. Mo lè máa wo àwọn orúkọ náà lásán.

KátíríìjìÀgbà
Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má yọ bátìrì o. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ka kátíríìjì sínú kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń ka géèmù náà ló ń ka ìpamọ́. Gbogbo ìpamọ́ yẹn kò ju 8 KB lọ. Ẹ dà á kọ, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbi méjì, ẹ wá pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ kọ ìpamọ́ náà padà sínú kátíríìjì. Bátìrì tó ti ní etí irin lára ni kí ẹ rà. Ẹ má gbé irin gbígbóná lé ara bátìrì fúnra rẹ̀, ó lè bú mọ́ yín lójú.

ÌyáOníZelda
Ọlọ́run á bù kún yín. Bó bá ti wọ kọ̀ǹpútà báyìí, orí àyè àbíkẹ́yìn yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni màá bá a parí ẹ̀.

Bọ́tìnnìB
Ó dáa, mo ti gbà, ẹ má pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tó tan?

Oníyèméjì
Ó ti dé.

Ọmọ6502
Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn sí kátíríìjì! Ohun tó ń ṣe NES rèé: ẹsẹ̀ 72 ló wà nínú ihò tí a ń ti kátíríìjì sí, a óò tì í wọlé, a óò tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá pẹ́, àwọn ẹsẹ̀ yẹn á tẹ̀, wọn ò ní di kátíríìjì mú dáadáa mọ́. Ṣíìpù kan sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ bóyá kátíríìjì jẹ́ ojúlówó. Bí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ tó wà nínú kátíríìjì kò bá gbọ́ra wọn yé, á máa tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ léraléra. Ìdí nìyẹn tí iná pupa fi ń ṣẹ́jú. Èémí yín, omi ló wà nínú rẹ̀, omi sì ń jẹ irin. Òwú àti ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan (isopropyl alcohol) ni kí ẹ lò.

Bọ́tìnnìB
Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ ẹ, ó sì ń tan.

Ọmọ6502
Yíyọ àti títì padà ló ń mú un tan. Ẹ yọ ọ́, ẹ pa ẹnu dé, ẹ tì í padà, kí ẹ wò ó.

Bọ́tìnnìB
Mo ti dán an wò báyìí. Ó tan. Màá ṣì máa fẹ́ ẹ.

KóòdùÒru
Ẹ ti jà tán? Ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kan kíkọ géèmù fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni èmi ti rí adùn rẹ̀ jù.

NES ni mo ń kọ tèmi fún. Ìrántí 2 KB ni wọ́n fún ẹ pé kó o fi ṣe gbogbo nǹkan. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyà ni, àmọ́ ó ń jẹ́ kí èèyàn mọ ibi tí gbogbo báìtì wà. Nígbà tí mo to àwọn ọ̀tá sórí ìlà kan, àwọn tó wà lẹ́yìn kàn pòórá. Kóòdù mi kò ní àbùkù kankan: ẹ̀rọ náà kò lè ya ju sprite 8 lọ lórí ìlà kan ṣoṣo (sprite ni àwòrán kékeré tó ń rìn, bí àwọn ọ̀tá yẹn). Ọgbọ́n tí àwọn àgbà ń dá ni pé kí o yí ipò àwọn sprite padà ní fírémù kọ̀ọ̀kan, kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ń pòórá. Gbogbo wọn á máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn á wà. Mo kọ ọ́, mo tan án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú gẹ́lẹ́ bí àwọn géèmù tí mo gbá lọ́mọdé! Inú mi dùn ju ẹni tó yege ìdánwò lọ. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní àìsàn ẹ̀rọ nígbà yẹn, ọwọ́ ẹnì kan ló wà níbẹ̀ tó ń pín àyè fún wọn.

Ẹ tún wo Super Mario Bros., 1985. Gbogbo géèmù yẹn, 40 KB. Ìkùukùu tó wà lójú ọ̀run àti igbó tó wà nílẹ̀, àwòrán kan náà ni, àwọ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tìLáyé
Ẹ dúró ná. Ìkùukùu àti igbó?

OníMegaDrive
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Òótọ́ ni. Mi ò lè wò ó bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́.

ÀbúròPixel
Ẹ̀gbọ́n KóòdùÒru, ẹ jọ̀ọ́, ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Èdè kóòdù Python nìkan ni mo gbọ́.

KóòdùÒru
Game Boy ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Lo irinṣẹ́ GBDK, èdè C lo máa fi kọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò ju 160 lọ́nà 144 lọ, àwọ̀ mẹ́rin péré, yíyàwòrán kò ní dà ẹ́ láàmú. Tó o bá fẹ́ Mega Drive ti Sega, irinṣẹ́ SGDK wà.

Ọmọ6502
Má dá a lóhùn, àbúrò. Assembly, èdè ṣíìpù fúnra rẹ̀, ni kó o lọ tààrà. Lo ca65 láti sọ kóòdù rẹ di èyí tí ẹ̀rọ gbọ́, kí o ṣí Mesen sílẹ̀ (emulator ni, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí NES) kó máa fi inú ẹ̀rọ hàn ẹ́ bí kóòdù ṣe ń lọ. A, X, Y, àyè mẹ́ta tí ṣíìpù fi ń ṣírò, mẹ́ta náà ni. Kí ló le níbẹ̀?

KóòdùÒru
Ẹ̀yin, ẹ fẹ́ lé ọmọ yìí sá.

Oníyèméjì
Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó le, ẹ lọ kọ nǹkan fún Atari 2600. 1977. Ìrántí báìtì 128, kò sí ibì kankan láti tọ́jú àwòrán. Ìlà-ìlà ni ẹ ó máa ya ojú tẹlifíṣọ̀n bí iná rẹ̀ ṣe ń kọjá, ìdún aago (cycle) 76 péré ni ṣíìpù ní fún iṣẹ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá pẹ́, ìlà ti lọ.

OníMegaDrive
Èmi kì í kọ kóòdù, gbígbá ni tèmi, àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá. Mega Drive tí mo fi dàgbà, ti Yúróòpù ni, 50 ni fírémù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Japan àti Amẹ́ríkà, 60. Sonic àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ń sáré díẹ̀díẹ̀, orin rẹ̀ náà ń fà. Ọ̀rẹ́ mi wá fi ti 60 hàn mí. Gbogbo èèyàn ní ìyẹn ni ojúlówó. Èmi ò gbà. Orin tó ń fà yẹn ni orin mi.

Bọ́tìnnìB
Ẹni tó kọ orin náà kò kọ ọ́ kó máa fà.

Kásẹ́ẹ̀tìLáyé
Ohun tí etí ọmọdé bá kọ́kọ́ gbọ́ ni ojúlówó. Ẹ fi í sílẹ̀.

KóòdùÒru
Ẹ jẹ́ kí n là yín. Wọ́n ṣe é fún 60, wọn ò tún un tò fún 50, ìdí tó fi ń fà nìyẹn. Ṣùgbọ́n OníMegaDrive kò parọ́, bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe tà á fún un nìyẹn.

ÌyáOníZelda
Níwọ̀n ìgbà tí àwọn amòye wà níbí: kí ló dé tí ìbọn NES mi kò ta nǹkan kan lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ?

Ọmọ6502
Kò ní ta, mà. Bí ẹ bá fa ìbọn náà, ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn, ibi tí ẹyẹ wà á funfun lẹ́ẹ̀kan wàì, ìbọn á wá wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ wà níwájú òun ní àkókò yẹn gan-an. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ń pẹ́ kó tó gbé àwòrán jáde, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò sì rí bí ti oníkùn tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún. Ẹ wá tẹlifíṣọ̀n oníkùn.

ÌyáOníZelda
Ọkọ mi á ní kí n wá ilé mìíràn.

ÀbúròPixel
Ẹ̀gbọ́n, assembly ni mo lọ o, fún NES. Ọkùnrin kékeré mi ti dúró lórí emulator. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ gidi, ìdọ̀tí kún ojú tẹlifíṣọ̀n, àwọn nǹkan pálapàla tí mi ò yà.

Ọmọ6502
Assembly ló lọ! KóòdùÒru, ṣé o rí i?

KóòdùÒru
Mo rí i, ẹ kú oríire. Àbúrò, ọ̀pọ̀ emulator máa ń nu ìrántí mọ́ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gidi kò ṣe bẹ́ẹ̀, ohunkóhun ló lè wà níbẹ̀ nígbà tí o bá tan án. Ibi tí o ń kó sprite sí, $0200 dé $02FF, báìtì mẹ́rin-mẹ́rin fún sprite 64. Kọ $FF sí gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tí o kò lò á bọ́ sísàlẹ̀ ibi tí ojú kò tó. Sì dúró de vblank (ìsinmi díẹ̀ láàárín fírémù méjì) ẹ̀ẹ̀mejì kí o tó fọwọ́ kan PPU, ṣíìpù tó ń ya àwòrán. Nínú Mesen, yan ìrántí rúdurùdu fún ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tan, irú àṣìṣe yìí á máa hàn sí ẹ kí o tó dé orí ẹ̀rọ gidi.

ÀbúròPixel
Ó TI MỌ́! Òun nìkan ló dúró síbẹ̀, lórí ẹ̀rọ gidi! Báwo ni mo ṣe máa mú un fò?

Ọmọ6502
Páàdì ni kó o kọ́kọ́ kà. Kọ 1 sí $4016, àdírẹ́sì tí a ti ń ka páàdì, kọ 0 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kà á lẹ́ẹ̀mẹjọ: A, B, Select, Start, òkè, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún. A ló ń jáde ṣáájú. Bó bá ti jáde, pè mí.