Oògùn tó wo ẹ̀dọ̀ eku sàn: ṣé kí bàbá mi lò ó?

Iyùn Bódìjà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Wọ́n ṣe skáànù fún bàbá mi, dókítà ní ọ̀rá ti pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Àbúrò mi tó wà ní London bá fi resveratrol ránṣẹ́, èròjà inú èso àjàrà tí wọ́n ń tà bí oògùn. Ó ní wọ́n fún àwọn eku tó ń jẹ ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ wọn sì dára. Ṣé kí bàbá máa lò ó?

Òkò Ìjẹ̀bú: Bàbá yín kì í kúkú ṣe eku. Ẹ ní kí wọ́n dín súyà kù.

Atọ́jú Eku: Àbúrò yín ò parọ́. Ọdún 2006 ni ìwádìí yẹn jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. David Sinclair ti Harvard wà lára àwọn tó ṣe é. Eku akọ tó ti pé ọdún kan ni wọ́n lò, ìdá 60 nínú 100 okun oúnjẹ wọn ló wá láti ara ọ̀rá. Àwọn tó gba oògùn ò rù o, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀ wọn dára ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ.

Iṣẹ́ eku ni mò ń ṣe níbí, ní Houston. Oúnjẹ ọlọ́ràá tí a ń fún wọn, búlúù ni wọ́n pa á láró, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú, á yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, irun àwọn eku gan-an á máa dán fún ọ̀rá. Tí a bá wá la inú wọn, ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó pọ́n dúdú á ti ṣì bí ògì àgbàdo. Torí náà, bí oògùn kan bá mú kó pọ́n padà, inú wa á dùn gan-an ni.

Àmọ́ wọ́n ti fún ènìyàn náà wò. Ìwádìí kan láti Australia jáde lọ́dún 2014: ọkùnrin 20 tó sanra, tí ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan ń gba 3,000 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn ò dín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ń jìyà tún lọ sókè.

Iyùn Bódìjà: Háà! Bàbá ní kí n bi yín, kí ló wá ń ṣiṣẹ́?

Atọ́jú Eku: Ẹ bá mi kí wọn o. Kí wọ́n rù díẹ̀ ni. Ẹni tó wọn kílò 90, tó bá lè sọ̀ dé bíi 83, ọ̀rá á dín nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn ẹ̀dọ̀ kan tó ń jẹ́ resmetirom ní oṣù kẹta 2024, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń ní àpá ló wà fún.

Màmá Kẹ́míìsì: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹnì kankan ò tíì béèrè oògùn tí bàbá ń lò tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ńkọ́? Resveratrol lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù.

Iyùn Bódìjà: Ẹ ṣé, mà. Aspirin ni wọ́n ń lò. Mo ti gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń bínú sí mi báyìí.

Màmá Kẹ́míìsì: Aspirin náà ńkọ́! Òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹ gbé ìgò náà fún dókítà wò kí ẹ tó dá a padà fún wọn.