Ọmọ mi gba yàrá fún mi nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́. Kí ni kí n wí fún un?

Ìyá Kọ́lá, Iléṣà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi tó wà ní Oxford ló ní kí n wá ṣọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún mi lọ́dọ̀ òun. Ó ti sanwó òru méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì Malmaison, ó fi fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ lórí wasáàpù. Mo rí ilẹ̀kùn wíwúwo tó tò lọ bẹẹrẹ lọ́tùn-ún lósì. Mo ní irú ilé wo rèé? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, pé ọdún 1996 ni wọ́n tì í pa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé olóògbé ọkọ mi lo oṣù mọ́kànlá látìmọ́lé kí adájọ́ tó ní kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mò ń gbé kúlà lọ sí géètì. Wọ́dà á fi ṣíbí ro ọbẹ̀ mi dé ìsàlẹ̀, á tú ẹran wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á mú èyí tó wù ú. Dòní, bí irin bá dún gbàgà lẹ́yìn mi, àyà mi á já. Kọ́lá ò tíì rìn nígbà yẹn, n kò sì ròyìn ẹ̀ fún un rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ tí kò fi ní dà bí àìmoore?

Bọ̀dá Lágere: Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni wọ́n dà pọ̀ di yàrá kan níbẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni balùwẹ̀. Mo ti sun irú ẹ̀ ní Boston, Liberty ni wọ́n ń pè é. Jéèlì ni láti 1851 títí di 1990. Bẹ́ẹ̀dì yẹn rọ̀ bí òwú! Ẹ lọ jẹ ìgbádùn ọmọ yín.

Àǹtí Ìlódè: Ẹ̀yin ọkùnrin sá! Wọ́n yẹgi fún èèyàn ní Oxford yẹn. Kódà kí wọ́n san owó fún mi, n kò sùn ún.

Ìyá Kọ́lá: Àǹtí mi, òkú kọ́ ni mò ń sá fún o. Géètì ni.

Ọmọ Òkèsà: Mo mú bàbá mi lọ sí Freedom Park l'Ékòó, ẹ̀wọ̀n Broad Street àtijọ́ níbi tí wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́ rí. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ láti 2010. Bàbá rìn yí i ká, ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, a bá tiwa lọ. Ìgbà tó wù wá la jáde. Kí wọ́n wá ní kéèyàn sùn síbẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ pe ọmọ yín, ẹ sọ ti kúlà fún un. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí wasáàpù o, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín. Kẹ́ ẹ sì tètè ṣe é, kí àyè àtigba owó náà padà tó kọjá.

Ìyá Kọ́lá: Mo ti pè é. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já. Ó wá ní, "Màámi, ẹran wo ni wọ́dà yẹn máa ń mú?" Mo ní ṣàkì ni. Ó ní òun á gbowó hòtẹ́ẹ̀lì padà, òun á wá ibi tí wọ́n ti ń ta ṣàkì ní Oxford.